Kọ̀ǹpútà tó ń rìn bí ìgbín: ṣé RAM ló kù díẹ̀ káàtó?

Kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà kì í ṣàdédé kú. Ó máa ń kọ́kọ́ fà ni. Wọ́n á tàn án, wọ́n á lọ pọn omi dé, kò tíì ṣí tán. Ní Computer Village n'Ìkẹjà, láti òpópónà Otigba títí dé Pepple, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ń tún un ṣe ni pé kí wọ́n fi RAM kún un. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, owó á lọ, ìgbín á ṣì máa fà.

Iṣẹ́ tí RAM ń ṣe kò lè ṣòro fún ẹni tó bá ti ná ọjà Balógun rí. Ìyá aláṣọ ní àtẹ nísàlẹ̀, ó sì ní sítọ́ọ̀ lókè kẹrin. Ohun tó bá wà lórí àtẹ, ọwọ́ ìyá tó o lójú ẹsẹ̀. Èyí tó wà lókè, àfi kó rán ọmọ iṣẹ́. RAM ni àtẹ yẹn, hard disk ni sítọ́ọ̀. Bí àtẹ bá kéré tí oníbàárà sì ń pè lọ́tùn-ún lósì, ìyá á ní kí ọmọ kó léèsì gòkè kí ààyè lè gba ànkárá. Kò pẹ́ tí ẹni tó fẹ́ léèsì á tún yọjú, ọmọ á tún gun àtẹ̀gùn. Ọjà ń tà o, ṣùgbọ́n orí àtẹ̀gùn ni ilẹ̀ ń ṣú ọmọ sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ ti kún: ohun tí wọn ò lò lọ́wọ́, á kó o lọ sórí hard disk, tí wọ́n bá tún fọwọ́ kàn án, á lọ kó o wá.

Àtẹ ńlá kò wá ní àǹfààní kan dàbí alárà fún ẹni tí àtẹ rẹ̀ kò kún. Bí 8GB bá wà nínú kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbà ju 5GB lọ, ohun tí 16GB máa fi kún eré rẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà wíwò ló yẹ kó ṣáájú ríra. Lórí Windows, wọ́n á tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, wọ́n á sì lọ sí Performance. Kò yẹ kí wọ́n wò ó nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, àfi ìgbà tí gbogbo ohun tí wọ́n máa ń ṣí lójoojúmọ́ bá ti wà ní ṣíṣí: Excel, WhatsApp, Chrome tí ojú ewé ogún wà nínú rẹ̀. Bí Memory, ìyẹn RAM, bá dúró sí nǹkan bí 90% tí Disk náà kò sì sinmi, àtẹ ló kéré. RAM tọ́ sí i nìyẹn.

Bí Memory bá wà ní ìdajì tí Disk sì ń fi 100% hàn ńkọ́? Àtẹ̀gùn ló ga jù. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń náwó síbi tí kò yẹ. Púpọ̀ nínú àwọn laptop tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ ló ṣì ń lo hard disk tó ń yí, tí àwo pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí apá kékeré kan sì ń wá nǹkan kiri lórí rẹ̀. Kò sí ohun tó ń yí nínú SSD, irú sítọ́ọ̀ mìíràn tí wọ́n lè fi rọ́pò hard disk. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé sítọ́ọ̀ láti òkè kẹrin wá sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Fún kọ̀ǹpútà tó ti ní 8GB àmọ́ tó ṣì ń lo hard disk tó ń yí, SSD ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà, ohun yòówù kí ẹni tó ní RAM láti tà sọ. Bó bá sì jẹ́ CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló ń fi 100% hàn, kò sí èyí tó máa ràn án nínú méjèèjì.

Ká ní RAM ló tọ́ sí i lóòótọ́, gbogbo RAM kọ́ ló máa wọ̀ ọ́. Ìran ìran ni RAM: DDR3 jáde ní 2007, DDR4 ní 2014, DDR5 sì tẹ̀ lé e. Ojú ibi tí wọ́n gé létí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fipá ti ọ̀kan sínú ihò èkejì. DDR3L tún wà, tó ń lo 1.35V níbi tí DDR3 ti ń lo 1.5V, àwọn laptop kan wà tí kò ní tàn bí kì í bá ṣe DDR3L. Àwọn mìíràn, bíi MacBook Air, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù láti ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ Windows 32-bit, irú ti àtijọ́, ló wà lórí rẹ̀, kò ní lò ju 4GB lọ, bí wọ́n tiẹ̀ ki 16GB bọ̀ ọ́.

Ọjọ́ orí náà ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, àti CPU tí kò gbó jù, láti ìran kẹjọ Intel sókè. RAM kò lè sọ CPU àgbà di ọmọdé.

Tí wọ́n bá rà á, iwájú ẹni tó tà á ló dára kí wọ́n ti fi sí i. Wọ́n á pa kọ̀ǹpútà, wọ́n á yọ ṣájà, wọ́n á yọ bátìrì bó bá ṣeé yọ, wọ́n á fọwọ́ kan irin kí iná ara má bàa ba RAM jẹ́. Tí wọ́n bá tàn án, kí wọ́n rí i pé iye GB tí wọ́n sanwó fún ló hàn. Bí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn tàbí tó ń ké, kí wọ́n má tíì bá ẹnikẹ́ni jà: ó sábà máa ń jẹ́ pé RAM kò tíì wọlé tán ni.