Ìwé-Orúkọ Àwọn Aláìní ti Nàìjíríà

Ìwé-Orúkọ Àwọn Aláìní, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní NSR, ni àkójọ àwọn ìdílé tó kú díẹ̀ káàtó fún tí ìjọba àpapọ̀ ń wò kó tó pín owó ìrànwọ́. NASSCO, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ìrànwọ́ aláìní ní Àbújá, ló ń mójú tó o, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti Àbújá fúnra rẹ̀ ló ń kó orúkọ tiwọn jọ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Kì í ṣe ìwé àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Kì í sì í ṣe ìwé àwọn tí ìjọba ti fún lówó: orúkọ ènìyàn lè wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kí kọ́bọ̀ má wọlé. Púpọ̀ nínú awuyewuye tó ń lọ lórí ìwé yìí, inú àṣìmú méjèèjì yìí ló ti ń jáde.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Lọ́dún 2016 ni ìjọba Muhammadu Buhari gbé ètò ìrànwọ́ mẹ́rin kalẹ̀ lábẹ́ ọ́fíìsì igbákejì ààrẹ: N-Power fún àwọn ọ̀dọ́, oúnjẹ fún ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yáwó GEEP fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, tí TraderMoni wá bọ́ sábẹ́ rẹ̀, àti owó fún ìdílé aláìní. Ìkẹrin yìí ló fi ìwé-orúkọ ṣe òpó. Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà ní $500 mílíọ̀nù fún iṣẹ́ náà. Ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n ti kọ́kọ́ sanwó. Borno, Bauchi, Niger, Kwara àti Kogi wà lára wọn. Lọ́dún 2019 ni gbogbo rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì igbákejì ààrẹ bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ mínísítà tuntun.

Bí orúkọ ṣe ń wọnú ìwé

Àwọn òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ wo ìjọba ìbílẹ̀ tí òṣì ti pọ̀ jù nínú ìpínlẹ̀. Ní Àbújá, àwọn ìgbìmọ̀ agbègbè mẹ́fà ló dúró fún ìjọba ìbílẹ̀: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Wọ́n á lọ kí baálẹ̀ tàbí mai anguwa (olórí àdúgbò lọ́dọ̀ Hausa), wọ́n á sì dá ọjọ́ ìpàdé.

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọn kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó tòṣì. Wọ́n á pín àwọn ará àdúgbò sí mẹ́ta: ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, nítorí ohun tí ìyàwó ilé mọ̀ nípa ebi tó wà lójúde kejì, kò ní í sọ ọ́ níṣojú baálẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: báwo lẹ ṣe ń dá tálákà mọ̀ níbí? Níbì kan, ẹni tí kò ní ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe alágbàṣe lóko olóko ni. Níbòmíràn, opó tí ọmọ rẹ̀ ti kúrò níléèwé ni. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á wá dárúkọ àwọn ìdílé tó bá àpèjúwe yẹn mu, wọ́n á tò wọ́n láti orí ẹni tó tòṣì jù. Wọ́n á pa orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á sì kà á sókè kí ẹni tó bá ní ohun láti sọ lè sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá sáré ṣe ìpàdé yìí, ìkàsókè ni wọ́n sábà máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kì í jẹ́ kí ẹbí olóyè kún inú ìwé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni akọ̀wé á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì. Á béèrè iye ènìyàn, ọjọ́ orí wọn, ẹni tó kàwé, òrùlé (páànù àbí koríko), ilẹ̀ yàrá (sìmẹ́ǹtì àbí erùpẹ̀), ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, ohun tí wọ́n fi ń dáná, ẹran ọ̀sìn, oko, àìlera ara, fóònù àti NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà). Wọn kì í gbára lé iye owó tí ènìyàn sọ pé ó ń wọlé fún òun, nítorí alágbàṣe kò ní ìwé owó-oṣù tó lè fi hàn. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀, àròpọ̀ máàkì ni kọ̀ǹpútà fi ń to ìdílé sí ìpele ìpele, láti orí òtòṣì jùlọ lọ sókè.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ìdílé nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn tó ń jẹun látinú ìkòkò kan náà. Ó rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti kà. Gida (agbo-ilé) àwọn Hausa kan lè ní ìkòkò mẹ́rin nínú ògiri kan. Akọ̀wé tó bá ka ògiri dípò ìkòkò ti sọ ìdílé mẹ́rin di ẹyọ kan. Orí á pọ̀, ewúrẹ́ gbogbo ilé á di ti ẹnì kan, máàkì á sì ṣì wọ́n lọ́nà.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Orúkọ pípè lè fa wàhálà fún Yorùbá àti Hausa bákan náà. Ní ìpàdé, "Ìyá Ṣadé" tàbí "Maman Aisha" ni aládùúgbò mọ̀. Tí akọ̀wé bá kọ bẹ́ẹ̀, kò ní í bá NIN mu. Kódà tó bá kọ "Rasheedat" tí báńkì sì ti kọ "Rashidat", ojú ènìyàn méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń wò wọ́n. Ọ̀nà àbáyọ ni kí akọ̀wé gba ìwé NIN lọ́wọ́ onílé, kó sì ṣe àdàkọ rẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà, kó má ṣe fi etí kọ ọ́.

Ìṣòro kejì ni ti ayálégbé. Ọ̀nà ìpàdé yìí wúlò níbi tí aládùúgbò ti mọ ara wọn. Ní Nyanya, Karu tàbí Lugbe, níbi tí èrò pọ̀ nínú ilé oníyàrá púpọ̀, ẹni tó ti jáde lọ wọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ kò sí ní ìpàdé, aládùúgbò rẹ̀ sì lè má mọ orúkọ rẹ̀. Mararaba tún ní tirẹ̀, torí pé ìpínlẹ̀ Nasarawa ló wà: ẹni tó ń tajà ní Wuse tó ń sùn ní Mararaba, ìwé Nasarawa ló yẹ kó wà. Nítorí àwọn ará ìlú ńlá báyìí ni wọ́n ṣe ṣí ìwé kejì ní oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà Kòrónà, èyí tó ń lo àwòrán sátẹ́láìtì láti mọ àdúgbò tálákà, tó sì ń fi fóònù gba orúkọ.

Fóònù náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ pípẹ́. Síìmù tí ènìyàn kò lò fún ìgbà pípẹ́, iléeṣẹ́ tó ni ín lè gbà á padà, kó sì tà á fún ẹlòmíràn. Ní ti àwọn obìnrin tó wà ní kulle (ẹ̀hà), tí kì í jáde sí ìpàdé, àfi kí akọ̀wé obìnrin lọ bá wọn nílé.

Owó sísan

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ₦5,000 ni owó oṣù kan. Oṣù méjì méjì ni wọ́n ń san án pọ̀, ₦10,000, obìnrin ilé ni wọ́n sì sábà máa ń kó o lé lọ́wọ́. Lára owó tí wọ́n pín ni $322.5 mílíọ̀nù tí Switzerland dá padà nínú èyí tí Sani Abacha kó lọ.

Lẹ́yìn tí ìrànwọ́ orí epo parí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Bola Tinubu dábàá ₦8,000 lóṣù fún ìdílé mílíọ̀nù 12, fún oṣù mẹ́fà. Ariwo pọ̀, wọ́n gbé e padà láti tún un gbé yẹ̀ wò. Lóṣù keje ọdún náà, ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé tí àwọn gómìnà wà nínú rẹ̀ sọ pé àwọn kò fọkàn tán ìwé-orúkọ náà, kí ìpínlẹ̀ lo tiwọn. Àríwísí yìí ní ìdí, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ kan náà ló kó orúkọ inú rẹ̀ jọ. Lóṣù kẹwàá ni wọ́n kéde ₦25,000 lẹ́ẹ̀mẹta fún ìdílé mílíọ̀nù 15, pẹ̀lú ẹ̀yáwó $800 mílíọ̀nù láti ọwọ́ Báńkì Àgbáyé. Ìṣirò rẹ̀ jẹ́ ₦1.125 tírílíọ̀nù. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ààrẹ dá mínísítà tó ń mójú tó o àti àwọn ètò náà dúró. Nígbà tí ìsanwó padà, àyẹ̀wò NIN ti di dandan, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ lẹ́tà orúkọ ti ń dun ènìyàn jù.

Àìríṣẹ́ṣe

Iléeṣẹ́ ìṣirò NBS ti fìgbà kan ka ẹni tí kò ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ sí aláìríṣẹ́. Ní ìparí ọdún 2020, ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí. Lọ́dún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo òdiwọ̀n àgbáyé: ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti níṣẹ́. Ìṣirò oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà já wálẹ̀ sí ìdá 4.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Òdiwọ̀n ló yí, ọjà kò yí. Nítorí náà, ìyá alákàrà tó wà nínú ìwé aláìní lè wà lára àwọn tó níṣẹ́ lọ́dọ̀ NBS, irọ́ kò sì sí nínú ìkankan.

Kò sí owó tí ìjọba ń san lóṣooṣù fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N-Power, tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́jáde ní ₦30,000 lóṣù, dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Òṣìṣẹ́ tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tó ti wà láìríṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin, lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìfẹ̀yìntì tó ti kó jọ.

Owó-orí

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn tó wà nínú ìwé-orúkọ kì í san owó-orí. Ti VAT, owó-orí tó wà lórí ọjà, kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tútù àti oògùn kò ní in, ṣùgbọ́n ọṣẹ ₦1,000 di ₦1,075, ẹni yòówù kó rà á. Bí wọ́n ṣe ń pín owó yìí ló dá ìjà òfin ọdún 2024 sílẹ̀. Àwọn gómìnà àríwá pàdé ní Kaduna lóṣù kẹwàá, wọ́n kọ àbá pé kí ibi tí owó ti wá gba ìdá 60 nínú ìpín àwọn ìpínlẹ̀, torí ibi tí olú iléeṣẹ́ wà ni wọ́n ti ń ka VAT ọjà tí wọ́n tà ní Kano. Òfin tí ààrẹ buwọ́ lù ní 26 oṣù kẹfà 2025 pín in báyìí: 50 dọ́gba-dọ́gba, 20 gẹ́gẹ́ bí èrò ṣe pọ̀ tó, 30 sí ibi tí wọ́n ti lo ọjà náà.

Láti 1 oṣù kìíní 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kan kò ní owó-orí, ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15. Ẹni tó ń gba ₦100,000 lóṣù láìsí àyọkúrò kankan á san ₦60,000 lọ́dún, ìyẹn ₦5,000 lóṣù. Tó bá fi ìwé owó ilé ₦500,000 hàn, wọ́n á yọ ìdá 20 rẹ̀, ₦45,000 ló sì máa san. Ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó yìí, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́: ti Kubwa ń lọ sí àpò Àbújá, ti Mararaba jẹ́ ti Nasarawa, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọ ń jókòó nínú ọ́fíìsì kan náà.