Lẹ́ńsì gbogboǹṣe lórí kámẹ́rà onífíìmù: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀

Ní 2024 ni iléeṣẹ́ Ricoh gbé Pentax 17 jáde, kámẹ́rà tuntun tó ń lo fíìmù, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé ayé fíìmù ti parí. Ìròyìn yẹn ti mú kí àwọn kan ní Kàbbà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́ lọ tú àpótí bàbá wọn wò, kí wọ́n sì máa béèrè bóyá lẹ́ńsì kan ṣoṣo lè bá wọn ṣe gbogbo iṣẹ́.

Kí là ń pè ní lẹ́ńsì gbogboǹṣe?

Lẹ́ńsì tó lè gba gbogbo ẹbí nínú fọ́tò kan, tó tún lè fa ojú ẹnì kan súnmọ́, láìjẹ́ pé ẹ tú u kúrò lẹ́nu kámẹ́rà. 28–200mm àti 28–300mm ló wọ́pọ̀ jù: nọ́ńbà kékeré ló ń gba ibi tó fẹ̀, nọ́ńbà ńlá ló ń fa nǹkan súnmọ́. Tamron gbé 28–200mm tirẹ̀ jáde ní 1992, òun ló sì sọ irú lẹ́ńsì yìí di ohun tó ṣeé gbé kọ́rùn.

Ṣé ó lè wọ Pentax 17?

Rárá. Lẹ́ńsì 25mm tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ṣeé tú.

Kámẹ́rà bàbá mi ńkọ́?

Ẹnu kámẹ́rà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Canon AE-1 ń lo lẹ́ńsì FD. Lẹ́ńsì EF kò lè wọ̀ ọ́, kámẹ́rà EOS ti Canon ló ni EF. Lẹ́ńsì EF-S kò wọ EOS onífíìmù. Nikon ló máa ń tan èèyàn jẹ jù: lẹ́ńsì tí wọ́n kọ G sí lára, bíi 28–200mm G, máa wọ kámẹ́rà FM2 wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní òrùka tí ẹ fi máa yí ojú rẹ̀, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ojú rẹ̀ á fún pinpin síbi tó kéré jù, fọ́tò á sì ṣókùnkùn. Lórí F80 tàbí F100, kò níṣòro.

Ẹ ṣọ́ra fún 18–200mm. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, títí kan DX ti Nikon àti Di II ti Tamron, kámẹ́rà díjítà (èyí tí kò lo fíìmù) ojú kékeré ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Fíìmù fẹ̀ tó 36 × 24mm, nítorí náà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́tò á dúdú. Lẹ́ńsì Z ti Nikon, RF ti Canon tàbí E ti Sony kò lè ṣiṣẹ́ lórí kámẹ́rà bàbá yín láéláé, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Kí ló dé tí fọ́tò inú ṣọ́ọ̀ṣì mi fi ṣókùnkùn, tó tún dà bíi pé ó mì?

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá ti fa lẹ́ńsì yìí dé 200mm, ojú rẹ̀ kì í ṣí ju f/5.6 lọ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó lojú ṣe ń ṣí tó). Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ kò pọ̀, pẹ̀lú fíìmù 400 (nọ́ńbà ISO, tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), ṣọ́tà, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, lè nílò tó 1/8 ìṣẹ́jú àáyá. Ọwọ́ èèyàn kò sì dúró tó bẹ́ẹ̀: ní 200mm, ẹ nílò 1/200 ó kéré tán, kámẹ́rà yín sì lè máà ní nǹkan kan láàárín 1/125 àti 1/250, nítorí náà ẹ mú 1/250. Kámẹ́rà díjítà á kàn gbé ISO sókè sí 12800, ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀. Fíìmù kò mọ ìyẹn. Nọ́ńbà tí ẹ fi sínú rẹ̀ láàárọ̀ náà lẹ máa fi jẹun alẹ́.

Àwọn lẹ́ńsì kan ní ohun tó ń dá gbígbọ̀n ọwọ́ dúró, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí EOS onífíìmù. Ó ń dá ọwọ́ yín dúró o. Kò dá ìyàwó tó ń jó dúró.

Nínú ilé, ẹ padà sí 28mm tí ojú rẹ̀ ti ṣí jù, tàbí kí ẹ fi 50mm f/1.8 rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo fíláàṣì, ẹ so ti òkè mọ́ ọn. Èyí tó wà lára kámẹ́rà kò ga tó, ọ̀pá lẹ́ńsì á sì ju òjìji róbótó sísàlẹ̀ fọ́tò.

Ṣé mo lè fi fíìmù 400 ṣe 800?

Ẹ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo róòlù náà lẹ máa fi ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ kí ẹni tó máa fọ̀ ọ́ lè fi kún àkókò. Hóró kéékèèké tó dà bí iyanrìn nínú fọ́tò á pọ̀ sí i.

Níta ńkọ́, lọ́sàn-án gangan?

Ibẹ̀ ló ti dára. Oòrùn tó mú, fíìmù 400: f/11 àti 1/1000. Lẹ́ńsì yìí mú jù ní f/8 sí f/11.

Kí ló dé tí ògiri ilé fi tẹ̀?

Ní 28mm, ìlà tó tọ́ á yọkùn síta. Ní 200mm, á wọnú. Kámẹ́rà díjítà máa ń tún un ṣe fúnra rẹ̀. Lórí fíìmù, ẹ má ṣe fi ògiri tàbí òpó sétí fọ́tò.

Mo gun Òkè Pàtí ní Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ ọyẹ́, ibi tí odò méjèèjì ti pàdé sì funfun bíi wàrà.

Eruku ni. Bí lẹ́ńsì bá ṣe fa nǹkan súnmọ́ tó ló ń kó eruku àárín jọ tó, àwo gíláàsì tí wọ́n ń fi síwájú lẹ́ńsì, tí wọ́n ń tà pé ó ń gba ọyẹ́, kò sì rí i ṣe. Ẹ dúró kí òjò rọ̀, kí ẹ padà lọ ní kùtùkùtù.

Kí ni kí n wò kí n tó ra àlòkù?

Ẹ dorí rẹ̀ kodò. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá ń yọ fúnra rẹ̀, ó ti rẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀yìn: ohun funfun tó ta bíi okùn aláǹtakùn jẹ́ ebu, ẹ má rà á. Ẹ yí súùmù rẹ̀. Bó bá ń ró gìrìgìrì, iyanrìn ti wọ̀ ọ́. Lẹ́ńsì tó ń gùn tó ń kúrú ń fa afẹ́fẹ́ wọnú, eruku pupa ilẹ̀ wa sì máa ń bá a wọlé.

Ṣé oòrùn Lọ́kọ́ja lè ba fíìmù jẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀. Ẹ fi í sínú fíríìjì pẹ̀lú agolo rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ ní wákàtí méjì ṣáájú kí ẹ tó ṣí i, kí ìrì má bàa hù sí i lára. Bí ẹ bá ń wọ bàálù, ẹ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ̀rọ CT tuntun tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú ń ba fíìmù tí wọn kò tíì fọ̀ jẹ́.