Fóò plọ́ọ̀gì àbí V6? Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta tó wà nínú RAV4 Tòkunbọ̀

Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ Tòkunbọ̀, tó ní RAV4 lòun ń wá, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ọ̀gá mi, fóò plọ́ọ̀gì lẹ fẹ́ àbí V6?" Fóò plọ́ọ̀gì ni ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, V6 ni onísílíńdà mẹ́fà. Wọ́n á bi í bí ẹni pé méjì péré ló wà. Àmọ́ nínú RAV4 tó ń ti Amẹ́ríkà wá, èyí tí Toyota ṣe láti 2006 títí dé 2012, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló wà, méjì nínú wọn ló sì ń jẹ́ fóò plọ́ọ̀gì. Àwọn méjèèjì ò jọra rárá. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè ra èyí tó ń jẹ ọ́ìlì ní iye tó yẹ kó fi ra èyí tí kì í jẹ ẹ́.

2.4 (ìyẹn ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì ní lítà) ni àkọ́kọ́, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 2AZ. Òun ló wà nínú fóò plọ́ọ̀gì 2006, 2007 àti 2008. Nígbà tó di 2009, Toyota yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi 2.5 sípò rẹ̀, ìyẹn 2AR, tó bá ọkọ̀ náà dé 2012. V6 ní tirẹ̀ kò pààrọ̀: 3.5 ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, 2GR lorúkọ rẹ̀. Agbára ẹṣin 166 ni 2.4 ní, 2.5 ní 179, V6 ní 269.

Ọdún tí ẹni tó ń tà bá fẹnu pè kì í ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni àmì V6 tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Àmì ṣeé rà, ó sì ṣeé lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Ṣáásì nọ́ńbà ni kéèyàn lọ wò, ó hàn láti ìta lábẹ́ gíláàsì iwájú. Mẹ́tàdínlógún ni àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Kí a ka ìkarùn-ún: D ni 2.4, F ni 2.5, K ni V6. Kí a tún ka ìkẹwàá, òun ló ń sọ ọdún. 6 dúró fún 2006, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 9, lẹ́yìn náà ló bọ́ sí lẹ́tà: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012.

Kí ló dé tí 2.4 fi ń jẹ ọ́ìlì? Inú pístìnì lọ̀rọ̀ wà. Pístìnì kọ̀ọ̀kan ní ríǹgì mẹ́ta lára. Méjì òkè ló ń dínà kí agbára iná má bàa jò lọ sísàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ló ń gbá ọ́ìlì tó bá lẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà, bí ẹni ń fi ìka gbá ọbẹ̀ tó kù lára àwo. Ọ́ìlì tó bá gbá yẹn ní láti gba inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ríǹgì padà sísàlẹ̀. Nínú 2AZ, èédú ọ́ìlì tó ti jóná máa ń dí ihò wọ̀nyí pa, ríǹgì náà á sì gan sójú kan. Ọ́ìlì tí kò ríbi gbà á dúró sára ògiri, iná á bá epo jó o pọ̀.

Toyota mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ṣe pístìnì àti ríǹgì mìíràn fún un, wọ́n sì fún àwọn ilé iṣẹ́ àtúnṣe wọn ní Amẹ́ríkà ní ìwọ̀n tí wọ́n á fi mọ èyí tó ń ṣàìsàn: bí ọ́ìlì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan bá lọ kí ọkọ̀ tó rin máìlì 1,200, ó ti kọjá ààlà. Nǹkan bí kìlómítà 1,900 nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò. Ọ́ìlì inú 2.4 kò fi bẹ́ẹ̀ ju lítà mẹ́rin lọ. Ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní ẹ̀ẹ̀kan ní kìlómítà 5,000, tí kì í fa géèjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ wò láàárín, ó ti ń fi bí ìdajì ọ́ìlì wakọ̀ kó tó padà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń nọ́ọ̀kì nìyẹn, ẹni tó ni ín á sì máa búra pé òun kì í fi sáfíìsì ṣeré.

Kì í ṣe gbogbo 2.4 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Èyí tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ déédéé láti kékeré lè má jẹ ẹ́ rárá. Àmọ́ ó tún ní wàhálà kejì, pàápàá àwọn tó kọ́kọ́ jáde: àwọn bóòtì tó de tọ́ọ̀pù sílíńdà mọ́ ẹ́ńjìnnì, ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún tí ojú kò tó, ihò tí wọ́n wọ̀ sí máa ń bó. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á máa gbóná, wọ́n á pààrọ̀ rédíétọ̀, wọ́n á pààrọ̀ fáànù, kò ní lọ.

Àárọ̀ ló dáa jù láti lọ yẹ irú ọkọ̀ yìí wò. Kéèyàn kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnì kan ti sitáàtì rẹ̀ ṣáájú, kó ní òun máa padà wá lọ́la. Bó bá tutù, kó fa géèjì, kó fi rágì nù ún, kó tì í bọ̀ ọ́ padà, kó wá wo ibi tí ọ́ìlì dé. Ọ́ìlì tuntun tó mọ́ bí oyin, tó kún dẹ́nu, nínú ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, yẹ kó kọni lóminú: ta ló pààrọ̀ rẹ̀, kí ló sì fẹ́ bò mọ́lẹ̀? Ọ́ìlì tó ki máa ń fi èéfín pamọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Kó wá sitáàtì ẹ́ńjìnnì, kó fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn tẹ irin tó ń mú ọkọ̀ sáré lẹ́ẹ̀kan náà, kí òun dúró lẹ́yìn ọkọ̀ máa wò. Èéfín tó jọ aró tó bá bú jáde lásìkò yẹn, ọ́ìlì ni. Bí kò bá sí èéfín, kó dúró kí sàlẹ́ńsà tutù, kó ti ìka bọ ẹnu rẹ̀. Èédú gbígbẹ kò burú. Èédú tó rọ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró, kò dáa. Kátálísì, ìyẹn ohun tó ń sẹ́ èéfín lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, máa ń jó díẹ̀ nínú èéfín ọ́ìlì mọ́ inú, torí náà ìka lè mọ ohun tí ojú kò rí. (Bí wọn kò bá ti yọ kátálísì náà tà, ìyẹn.)

Ọ̀rọ̀ 2.5 kò gùn. Kò ní orúkọ burúkú lórí ọ́ìlì bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Pọ́ǹpù omi rẹ̀ lè jò, òmíràn sì máa ń han "kẹrrr" fún ìṣẹ́jú àáyá kan bí wọ́n bá sitáàtì rẹ̀ láàárọ̀, láti ara gíà tó ń yí ọ̀pá òkè. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá RAV4 kan tí wọ́n á máa gbé lọ síbi iṣẹ́ àti òde, òun ló yẹ kí wọ́n wá, kódà bó bá gba pé kí wọ́n fowó lé e díẹ̀.

V6 ń mu epo: gbogbo èèyàn ló mọ gbólóhùn yẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ ti ń rìn ló ń sọ bó ṣe tó. Ìwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ 2010 tí taya iwájú ń fà ni pé, láàárín ìlú, 2.5 ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 22, V6 ń rin 19. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, 28 ni ti 2.5, V6 ń rin 27. Tí a bá sọ ọ́ di lítà, ní kìlómítà 100 láàárín ìlú, V6 fi nǹkan bíi lítà 1.7 ju èkejì lọ. Lójú ọ̀nà tó já geere, ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdajì lítà. Gíà ló fà á: mẹ́rin ni ti fóò plọ́ọ̀gì, márùn-ún ni ti V6, gíà karùn-ún yẹn sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ńlá náà máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ Ìlọrin lè má mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ Victoria Island lójoojúmọ́ á mọ̀ ọ́n lápò, torí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkọ̀ dúró, sílíńdà mẹ́fà ò dúró. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ lórí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan kò tíì tó 200 náírà, kò séni tó ń jókòó ṣírò èyí. Ní 2024, lítà kan kọjá 1,000.

Ohun tó yẹ kó ba ẹni tó fẹ́ ra V6 lẹ́rù ju epo lọ ni páìpù kan tí kò gùn ju ọwọ́ lọ. Òun ló ń gbé ọ́ìlì lọ sókè ẹ́ńjìnnì, ní ìhà ibi tí bẹ́líìtì wà. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, irin ni lápá méjèèjì, rọ́bà ni láàárín. Ooru á sọ rọ́bà náà di gbígbẹ, yóò là, ọ́ìlì á sì tú dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Iná pupa á tàn, awakọ̀ á ní kóun kàn dé jọ́ńṣọ̀n tó wà níwájú yẹn, ẹ́ńjìnnì ò sì ní bá a débẹ̀. Toyota ti ṣe èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì lásán tó láti fi wò ó. Bí rọ́bà bá ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó rìn jìnnà.

Plọ́ọ̀gì mẹ́ta iwájú V6 hàn gbangba. Mẹ́ta ẹ̀yìn wà lábẹ́ maníwóòdù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní láti tú u kí ọwọ́ tó débẹ̀, àwọn mẹkáníìkì kan sì wà tí wọ́n á pààrọ̀ mẹ́ta, tí wọ́n á gbowó mẹ́fà. Ọ́ìlì rẹ̀ náà lé ní lítà mẹ́fà, kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́rin kan kò tó o.

Gbogbo ohun tí ṣáásì nọ́ńbà ń sọ, ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ jáde nílé iṣẹ́ ló ń sọ ọ́. Ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ ní Nàìjíríà, 2.4 rẹ̀ lè ti kú, kí wọ́n ti lọ gbé òmíràn tó jáde lára Camry wá láti Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó. Ìyẹn nìkan kò ní kí ọkọ̀ náà burú. Èyí tí wọ́n gbé wá tiẹ̀ lè sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Kí ẹni tó ń rà tanná sí èyí tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, kó fi wé ti inú ìwé. Bí wọn kò bá bára mu, ẹni tó ń tà ni kó lọ tún ìwé ṣe ní ọ́fíìsì láísẹ́ńsì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń rà, torí ọlọ́pàá tó bá dá ọkọ̀ náà dúró lọ́nà kò ní gba Ládípọ̀ ní àlàyé.