Bí àyà bá ń dùn yín nígbà tí ara ń yún yín

Ẹni tó bá di àyà mú wọ iléèwòsàn, tí òógùn bò ó, àìsàn ọkàn ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ rò sí i. Ẹni tó jẹ alákàn tán tí ètè rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ sú kókó-kókó, oògùn ara yíyún ni wọ́n máa fún un. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé méjèèjì lè jẹ́ àìsàn kan ṣoṣo, àti pé ẹnu aláìsàn la ti sábà máa ń gbọ́ ọ kí ẹ̀rọ kankan tó fi hàn wá.

Àrùn Kounis lorúkọ rẹ̀. Nicholas Kounis, dókítà ará Gíríìsì, ló ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú Zavras ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1991. Àmọ́ àìsàn yìí ti wà ṣáájú wọn: lọ́dún 1950, ìwé ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà ti ròyìn ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣèṣe níbi tí ara rẹ̀ ti ń kọ pẹnisílínì.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí à ń pè ní mast cell. Wọ́n wà lábẹ́ awọ, wọ́n wà ní ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì wà lára iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀. Bí ohun tí ara kọ̀ bá wọlé, ì báà jẹ́ oró oyin tàbí agbọ́n, oògùn, edé tàbí ẹ̀pà, wọ́n á tú histamine àtàwọn èròjà mìíràn síta. Lábẹ́ awọ, ara á máa yún. Ní ọkàn, iṣan á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní ráyè kọjá. Ó lè ṣe ọ̀dọ́ tí iṣan ọkàn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bí ọ̀rá bá ti dì sínú iṣan tẹ́lẹ̀, ó lè là, kí ẹ̀jẹ̀ dì lé e lórí. Ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sínú stent, ìyẹn ọ̀pá kékeré oníhò tí wọ́n fi ń la iṣan tó dí, tí wọ́n ti fi sínú iṣan ẹni.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ìbéèrè ni. “Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?” “Mi ò tíì jẹ nǹkan kan, dókítà.” Òótọ́ ni bàbá sọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń ka abẹ́rẹ́ diclofenac tí wọ́n gún un fún orúnkún ní kẹ́míìsì mọ́ oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: oògùn ńkọ́, abẹ́rẹ́ ńkọ́, àgbo ńkọ́, ṣé kòkòrò ta yín? Ó tó ìgbà wo sí i kí àyà tó bẹ̀rẹ̀? Ó sábà máa ń jẹ́ láàárín wákàtí kan.

Lẹ́yìn náà, mo máa ń ní kí wọ́n bọ́ aṣọ. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ara kì í pọ́n bó ṣe wà nínú àwòrán ìwé. Ọwọ́ ni mo fi ń wá a, mo máa rọra fọwọ́ pa ẹ̀yìn àti ikùn, ibi tó sú á ga díẹ̀ lọ́wọ́. Ó sì lè ti rọlẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó wà pẹ̀lú yín fi fóònù yà á.

Àyẹ̀wò ECG, tó ń ya bí iná ara ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sórí ìwé, máa fi hàn bóyá ọkàn ń jìyà. Nínú àrùn yìí, apá ìsàlẹ̀ ọkàn ló sábà máa ń kàn. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún troponin, èyí tó máa ń jò jáde bí ẹran ọkàn bá ṣèṣe, a ó sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ torí ó lè má tíì gòkè nígbà àkọ́kọ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ìtọ́jú ọ̀kan lè ta ko ti èkejì. Morphine tí à ń fún alárùn ọkàn nítorí ìrora lè mú kí mast cell túbọ̀ tú èròjà síta. Oògùn beta-blocker tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru lè má jẹ́ kí adrenaline, abẹ́rẹ́ tí à ń gún ẹni tí ara rẹ̀ ń kọ nǹkan lọ́nà tó le, ṣiṣẹ́. Adrenaline náà ń gba ẹ̀mí là, síbẹ̀ ó lè fún iṣan ọkàn pọ̀. Dókítà ló máa wọ̀n ọ́n, kò sì lè wọn ohun tí ẹ kò sọ fún un. Bí àyà bá ń dùn yín, tí ara ń yún, tí èémí kò délẹ̀ tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, iléèwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.

Àyẹ̀wò kan tún wà, tryptase, tó ń jẹ́rìí sí i pé mast cell ló dá a sílẹ̀. Kì í ṣe ibi gbogbo ló wà, bí kò bá sì gòkè, ìyẹn ò ní kó má jẹ́ àrùn náà. Láàárín wákàtí kan sí méjì tó bẹ̀rẹ̀ ló dára jù láti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ padà wá gba òmíràn nígbà tí ara bá ti balẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí 24. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń sá, torí ara ti yá. Ẹ padà lọ. Iye ọjọ́ kejì la máa sọ di ìlọ́po 1.2, ká fi 2 kún un: bó bá jẹ́ 5, a jẹ́ pé ti ọjọ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tó 8 ká tó lè sọ pé ó gòkè lóòótọ́.