Bọ́ọ̀dù jó: ṣé dandan ni ká fọ́máàtì?

Bí motherboard kọ̀ǹpútà yín (bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́) bá jó, tí wọ́n bá yín wá òmíràn, gbólóhùn tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tún un ṣe ni, "A máa fọ́máàtì ẹ̀ o," ìyẹn ni pé wọ́n á pa gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì rẹ́. Ẹ ní kó ní sùúrù. Inú dísìkì ni Windows àti Ubuntu, àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń gbé, dísìkì ò sì jó. Nǹkan díẹ̀ ló bá bọ́ọ̀dù lọ, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn lè tì yín mọ́ta.

Ẹ jẹ́ ká mú Windows. Kó tó lè ka dísìkì, ó gbọ́dọ̀ ní driver (ètò kékeré tó ń jẹ́ kó lè lo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà) tó bá bí bọ́ọ̀dù ṣe ń bá dísìkì sọ̀rọ̀ mu. Ká ní AHCI ni bọ́ọ̀dù àtijọ́ ń lò, tí wọ́n sì to tuntun sí RAID (ọ̀nà méjì tí bọ́ọ̀dù fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀) nínú BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde: àmì Windows á yọ, á máa yí, lójijì gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á di búlúù: INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Ohun tó ń wí ni pé òun ò rí dísìkì tóun ń gbé mọ́. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń fa flash yọ láti fọ́máàtì. Ẹ wọ BIOS, ẹ dá a padà sí AHCI, ó sábà máa ń tán síbẹ̀. Bákan náà ni dísìkì tí wọ́n fi UEFI (ọ̀nà ìdìde tuntun) tò kò ní dìde lórí bọ́ọ̀dù tó wà ní Legacy (ọ̀nà àtijọ́). Ìyókù, Windows 10 àti 11 á fúnra wọn wá driver wọn. Láyé Windows XP àtijọ́, kò rọrùn báyìí.

Ti Ubuntu fúyẹ́, torí kernel rẹ̀ (ọkàn ètò náà) ti ru ọ̀pọ̀ driver dání. Àmọ́ àkọsílẹ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó gbé Ubuntu dìde, inú bọ́ọ̀dù àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Tuntun lè gba Windows lọ tààrà, bí ẹni pé Ubuntu ti pa rẹ́. Kò lọ ibì kankan. Ẹ fi flash Ubuntu dìde, kí ẹ tún GRUB, ètò kékeré tó ń gbé Ubuntu dìde, tò.

BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì, lèmi ń bẹ̀rù. Inú TPM, ẹ̀yà ààbò kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù, ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, TPM tuntun ò sì mọ̀ ọ́n rí. Windows á ní kí ẹ tẹ nọ́ńbà 48, mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ laptop Windows 11 ló ti fi í ti dísìkì pa láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀. Bí bọ́ọ̀dù bá ṣì ń mí, ẹ tẹ èyí nínú Command Prompt (ojú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows) tí ẹ ṣí bí Administrator, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé:

manage-bde -protectors -get C:

Bó bá ti kú, ẹ fi fóònù wọ àkáǹtì Microsoft yín, ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí ẹ ò sì kọ ọ́ síbì kankan, fọ́máàtì ló kù, fáìlì yín á sì bá a lọ.