Iṣẹ́ Wo Ni Ìyá Ńlá Yín Ń Ṣe? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Orúkọ Iṣẹ́ Àtijọ́ Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tọ ìtàn ìdílé rẹ̀ ló máa ń bá orúkọ iṣẹ́ kan pàdé nínú ìwé ìrìbọmi, nínú ìwé ẹjọ́ tàbí lẹ́nu àgbàlagbà, tí kò sì ní mọ ohun tó jẹ́. Àwọn tí wọ́n máa ń bi mí jù ni mo dáhùn síbí.

Wọ́n kọ "alaro" síwájú orúkọ ìyá ńlá mi nínú ìwé ìjọ. Ṣé aláàárù ni àbí aláró?

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé wa rí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá tó bí ìyá bàbá mi ni wọ́n kọ ọ́ sí lára. Akọ̀wé ìgbà náà kì í sábà fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, bó bá sì ṣe gbọ́ ọ létí ló ń kọ ọ́. Àwọn kan nínú wa ní aláàárù ni màmá, pé ẹrù ló ń rù lọ sọ́jà Èjìnrìn létí ọ̀sà. Àǹtí bàbá mi ò gbà. Wọn ò tiẹ̀ bá wa jiyàn, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n mú wa lọ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ha ewé kúrò lórí ìkòkò ńlá kan tó dojú bolẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e ṣíde. Ihò wà nídìí ìkòkò náà, ó gba àtàǹpàkò mi wẹ́kú, etí rẹ̀ sì ti dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á.

Ìkòkò tí wọ́n fi ń sẹ́ eérú ni. Wọn a kó eérú sínú rẹ̀, wọn a da omi lé e lórí, omi náà a sì máa ro sínú ìkòkò mìíràn nísàlẹ̀. Omi eérú yẹn ni wọ́n ń rẹ ewé elú sí kó tó di aró tí wọ́n ń ki aṣọ bọ̀. Kí ni aláàárù fẹ́ fi irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ṣe? Ọjọ́ yẹn ni àríyànjiyàn parí.

Ẹ ṣọ́ra fún "onikoko" náà. Ó lè jẹ́ oníkòkò tó ń tà tàbí tó ń mọ ìkòkò, ó sì lè jẹ́ oníkòkó tó ní oko kòkó. Ìwé nìkan ò lè yanjú ẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ìdílé ní oko kòkó tí wọ́n pín gẹ́gẹ́ bí ogún, tàbí ibi tí wọ́n ti máa ń wa amọ̀.

Wọ́n ní Ọlọ́jà ni bàbá bàbá mi. Kí ni wọ́n ń tà?

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ta nǹkan kan rárá. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọlọ́jà tún jẹ́ oyè olórí ìlú tàbí abúlé. Bí orúkọ ìlú bá tẹ̀ lé e, bí i Ọlọ́jà Ẹ̀pẹ́, oyè ni. Mo ti rí ìdílé tó ń wá ìsọ̀ bàbá wọn lọ́jà kiri, nígbà tó jẹ́ pé ilé oyè ni wọ́n ti wá.

Pàràkòyí náà fẹ́ràn láti ṣi ènìyàn lọ́nà. Oyè àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìṣòwò àti àwọn oníṣòwò nínú ìlú ni.

Àgbà kan pe bàbá wa ní sọgúndogójì. Ṣé èébú ni?

Iṣẹ́ ni, èébú sì wà nínú ẹ̀. Ayánilówó ni: ẹni tó ń sọ ogún di ogójì, tó fi jẹ́ pé owó tí ẹ yá lọ́wọ́ rẹ̀ á di ìlọ́po méjì kẹ́ ẹ tó san án tán. Wọ́n fi iṣẹ́ yìí mọ àwọn Ìjẹ̀bú débi pé àwọn ará ibòmíràn sọ ọ́ di orúkọ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ sọgúndogójì bá wà, ẹ máa retí ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà nítòsí. Láyé ìgbà náà, ẹni tó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin ẹni tó yá a lówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé owó ni, kì í dín gbèsè kù rárá. Ọjọ́ tí wọ́n bá san ojú owó ló bọ́. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ọmọ bíbí inú ilé rẹ̀ ló ṣì jẹ́. Ìwé tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ lè pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀ lásán. Mo bẹ̀ yín, bí àgbà bá sọ fún yín pé ẹnì kan ṣe ìwọ̀fà, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn nítorí ìtìjú. Orí ẹlòmíràn nínú ẹbí ló fi iṣẹ́ ara rẹ̀ rà.

Ìwé ẹjọ́ kàn kọ "trader". Irú òwò wo nìyẹn?

Akọ̀wé ti da oríṣiríṣi iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Alájàpá máa ń ti ọjà dé ọjà, abúlé dé abúlé. Alárobọ̀ ń rà lọ́wọ́ ẹni tó mú un jáde, ó ń tà á láti jèrè díẹ̀. Alágbàtà ń gba ọjà ọlọ́jà tà, ó ń dá owó rẹ̀ padà, èyí tó bá lé lórí ni tirẹ̀. Kí ogun Ìmàgbọn tí òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892 tó dé, àwọn Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà mú láàárín ọ̀sà àti òkè, oníbodè sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá. Nítorí náà, ẹ béèrè ọjà tí ẹni náà ń ná àti ẹrù tó ń gbé. Bó bá jẹ́ ará Ṣàgámù ni, ẹ tètè béèrè nípa obì gbànja.

Akódà àti wọléwọlé ńkọ́?

Akódà ni ẹni tó ń gbé idà níwájú ọba. Nígbà òyìnbó ó di ìránṣẹ́ kóòtù ìbílẹ̀. Wọléwọlé ń wọ ilé dé ilé láti yẹ ìmọ́tótó wò.

Kò sí ìwé kankan nílé wa. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Lára orúkọ. Àyàn jẹ́ ti onílù, Ọdẹ jẹ́ ti ọdẹ. Èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa tí wọn kì í kà sí ni Ọnà, bí i Ọnàfowókàn àti Ọnàsànyà. Kì í ṣe ọ̀nà tí à ń rìn o. Ọnà tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe ni, ó lè jẹ́ igi gbígbẹ́, idẹ dídà, tàbí aṣọ olónà tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ń hun fún àwọn olóyè Òṣùgbó, ìyẹn ẹgbẹ́ Ògbóni nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Idẹ yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ ni wọ́n fi ń ra ẹrú àti eyín erin níbí.

Lẹ́yìn orúkọ, ẹ lọ bá ẹni tó mọ oríkì ìdílé, kẹ́ ẹ gbà á sórí fóònù kó tó pẹ́ jù. Ẹ má kàn béèrè pé, "Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?" "Iṣẹ́ oko" ni wọn ó dá yín lóhùn, torí pé kò sẹ́ni tí kò dáko. Ẹ béèrè pé, "Kí ló máa ń wà lọ́wọ́ wọn bí ilẹ̀ bá mọ́? Kí ni òórùn ara wọn?" Ìbéèrè kejì yẹn ni Àǹtí bàbá mi dáhùn kíá, wọ́n ní, "Elú. Kódà lọ́jọ́ ọdún."