Bí ènìyàn mẹ́fà ṣe lè jókòó tún iná oníṣáàjì rò

Iná oníṣáàjì tí à ń tàn nígbà tí NEPA bá mú iná lọ kì í sábà kú láti ojú gílóòbù. LED, ìyẹn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀, lè tàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí. Bátìrì ló sábà ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ihò tí à ń ki wáyà ṣáàjì bọ̀, lẹ́yìn náà súwìṣì. Síbẹ̀ odidi rẹ̀ la ń gbé sọ sórí ààtàn, torí pé ẹni tó ṣe é kò fi ọ̀nà sílẹ̀ láti dé ibi tó bàjẹ́. Ètò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọrọ̀ ajé oníyípo fẹ́ kí ohun èlò máa padà sínú ìlò dípò kó parí sí ààtàn, ibi àwòrán ọjà ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì yọ́ ike.

Ènìyàn mẹ́fà tó fún àpérò tí wọ́n á fi tún àwòrán iná náà rò: ẹni tó ń ya àwòrán ọjà, ẹni tó mọ iṣẹ́ iná, ẹni tó ń tún iná ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tà á, ẹni tó ń fi í pàtẹ lálẹ́, àti ẹni tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù. Ẹni ìkẹyìn yìí ni wọ́n sábà ń gbàgbé láti pè, òun gan-an ló sì mọ ibi tí owó wà: òjé inú bátìrì àti kọ́pà inú wáyà. Ike tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, tàbí tí wọ́n yọ́ rọ́bà lé lórí, kì í pa owó fún un, nítorí oríṣi ike kan ṣoṣo làwọn tó ń lọ ike ń fẹ́.

Orí tábìlì, iná tuntun kan àti márùn-ún tó ti kú, irú kan náà. Òkú iná wúlò ju tuntun lọ. Bí mẹ́rin nínú márùn-ún bá kú láti ibì kan náà, àríyànjiyàn ti parí. Kí wọ́n yọ gbogbo wọn kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tú wọn. Ọ̀pọ̀ iná olówó pọ́ọ́kú kò ní tiransifọ́mà, ohun tó ń dín iná ìjọba kù tó sì ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára inú ẹ̀rọ. Kapásítọ̀, ẹ̀yà kékeré kan, ló ń dín iná ìjọba kù, torí náà gbogbo inú rẹ̀ ló lè gbé ènìyàn.

Ẹni tó ń tún iná ṣe nìkan ni kó tú u. Àwọn yòókù á máa kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: síkúrúù mélòó, irinṣẹ́ mélòó, ìṣẹ́jú mélòó kí ọwọ́ tó kan bátìrì, àti ohun tí wọ́n ní láti gé tàbí fọ́. Níbi tí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ike pọ̀, tàbí tí wọ́n yọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́ra, ibẹ̀ ni àtúnṣe ti ń kú. Síkúrúù tó ń fi eyín ara rẹ̀ gbẹ́ ike náà ní ìṣòro tirẹ̀: tí wọ́n bá ti tú u bíi mélòó kan, ojú ike á jẹ, kò sì ní dì mọ́. Nọ́ọ̀tì idẹ kéékèèké tí wọ́n rì sínú ike ló ń wo èyí sàn, ṣùgbọ́n ó ń fi owó kún ọjà.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè. "Báwo la ṣe lè ṣe iná tí kò ní ba àyíká jẹ́?" kò wúlò, gbogbo ènìyàn á dáhùn pé kí wọ́n fi oparun ṣe ara rẹ̀, bátìrì á sì kú síbẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni: "Báwo ni ẹni tó ní síkúrúdíráfà kan ṣoṣo ṣe lè pààrọ̀ bátìrì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, tí òjò kò sì ní ráyè wọlé?"

Kí wọ́n má tíì sọ̀rọ̀. Diehl àti Stroebe, onímọ̀ méjì ní Jámánì, fi hàn ní 1987 pé àwọn tó jókòó sọ èrò jáde lẹ́nu máa ń mú èrò tó kéré wá ju iye ènìyàn kan náà tó dá ronú lọ, nítorí pé bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, èrò àwọn yòókù dúró. Lọ́dọ̀ tiwa ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọ̀gá bá ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ó kù "bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ọ̀nà tí Bernd Rohrbach, ará Jámánì kan, gbé jáde ní 1968 wo èyí sàn dáadáa. Olúkúlùkù á gba bébà kan, á kọ èrò mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, á sún un sí ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, onítọ̀hún á ka ohun tó bá níbẹ̀, á kọ mẹ́ta sí i. Bí ènìyàn mẹ́fà bá kọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èrò 108 ti wà nílẹ̀. Ẹni tí ìwé kíkọ kò rọ̀ lọ́rùn, kó yàwòrán. Àwòrán oníṣẹ́ ọwọ́ sábà máa ń yéni ju gbólóhùn lọ.

Ibi yíyàn èrò mẹ́ta nínú wọn ni ìjà wà. Ẹnì kan á sọ pé kí wọ́n yọ bátìrì òjé, kí wọ́n fi lítíọ́ọ̀mù sí i. Ìdí wà fún un: bátìrì òjé tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ́ láìṣáàjì, iyọ̀ òjé á dì mọ́ inú rẹ̀, kò sì ní gba iná mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ṣáàjì ti bátìrì òjé onífóòtì (volt) 4 lè gun tó nǹkan bíi 4.8, bẹ́ẹ̀ lítíọ́ọ̀mù tó wọ́pọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 4.2. Bí wọ́n bá pààrọ̀ bátìrì láìpààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì rẹ̀, yóò wú, ó sì lè gbiná nínú yàrá. Ilẹ̀kùn bátìrì tó ń ṣí wẹ́rẹ́ náà ń fẹ́ wọ́ṣà rọ́bà kí omi má bàa wọlé, wọ́ṣà á sì gbó. Ó sàn kí síkúrúù méjì dè é pa ju kí èékánná máa ṣí i, pàápàá níbi tí ọmọdé bá wà.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ti fi òfin dé e: láti oṣù kejì 2027, ẹni tó ra ọ̀pọ̀ ohun èlò kéékèèké gbọ́dọ̀ lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bátìrì tó kú ńkọ́? Ìgò mínírà ti dáhùn èyí tipẹ́: ẹni tí kò bá mú òfìfo wá á fi owó ìgò sílẹ̀. Ẹni tó ń ta bátìrì lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó yọ díẹ̀ nínú owó tuntun fún ẹni tó mú ògbólógbòó wá. Láìsí èyí, ẹnì kan á fọ́ ọ lẹ́yìnkùlé láti mú òjé inú rẹ̀, ásíìdì á ṣàn sílẹ̀, òjé á sì wọ ara àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀.

Èrò mẹ́ta tó bá kù ni kí wọ́n fi páálí àti iná àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Kí wọ́n tó fìdí ìwọ̀n àyè bátìrì múlẹ̀, kí ẹnì kan lọ wo ohun tí wọ́n ń tà ní Alábà. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 18650, tó fẹ̀ ní mìlímítà 18, tó gùn ní 65, pọ̀ lọ́jà. Bátìrì tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ń ṣe lè wọ́n tó bá yá. Kí wọ́n wá gbé àpẹẹrẹ náà fún oníṣọ́ọ̀bù tí kò sí ní àpérò, kí wọ́n má bá a sọ nǹkan kan, kí wọ́n kàn máa wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó bá ń wá ọ̀bẹ, kí wọ́n gbé e padà sórí tábìlì. Bó bá yege, kí wọ́n kọ irú bátìrì àti iye fóòtì rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí wọ́n yọ́ ọ mọ́ ike fúnra rẹ̀, nítorí pé sítíkà máa ń ṣí kúrò kí bátìrì àkọ́kọ́ tó kú.